Ọkàn Ta Ló Ń Sáré?

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ jókòó?" ni Gbémi béèrè lórí fóònù.

"Kí ni mo fẹ́ jókòó lé? Ẹnu géètì ni mo wà," ni Mùráínà dá a lóhùn. Ó fẹ̀yìn ti ògiri níbi tí òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. Iṣẹ́ sìkiọ́rítì ló ń ṣe níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní Al Baraha, nílẹ̀ Lárúbáwá, oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀dà ilẹ̀ di ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ó dáa. Ẹ má fòyà o. Àwọn ọ̀gá mi ní kí n pè yín kíákíá. Wọ́n ti wo ohun tí bándì ọwọ́ yín ń sọ fún wọn, wọ́n ní ọkàn yín ò dáa. Lóru, nígbà tó yẹ kí ara sinmi, á kàn máa sáré kìtìkìtì, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, á tún sáré. Dókítà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní kẹ́ ẹ wá lónìí, kó má di ọ̀la."

Mùráínà wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò sí bándì níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́."

"Nǹkan míì tún ń rú wọn lójú. Lọ́sàn-án gangan tẹ́ ẹ dúró sínú oòrùn, ara yín tutù bí ẹja inú yìnyín. Wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Ṣé ẹ ń lo nǹkan ni?"

"Nǹkan wo?"

"Àgbo ni mo ní lọ́kàn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú."

Ká ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, Mùráínà ì bá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á pè é padà.

Ọmọ Ọ̀ffà ni Gbémi. Ilé ìwádìí ojú ọjọ́ kan láti ilẹ̀ Norway ló ń bá ṣiṣẹ́, níbi yàrá méjì tí wọ́n gbà ní Jumeirah Lake Towers. Ohun tí ooru ń ṣe sí ara ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níta ni wọ́n ń wá: bí ayé ṣe ń gbóná sí i lọ́dọọdún, ibo ni ara èèyàn ti máa sọ pé ó tó? Wọ́n pín bándì dúdú tó dà bí aago fáwọn òṣìṣẹ́. Bí ọkàn ṣe ń lù, bí ara ṣe gbóná tó, bándì náà ni yóò máa ròyìn rẹ̀ fún wọn. Tayọ̀tayọ̀ ni Mùráínà fi gba tirẹ̀. Àfi bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ràn bí iná ọyẹ́ láàárín àwọn sìkiọ́rítì, pé ẹni tí bándì bá sọ pé ara rẹ̀ ò gba oòrùn mọ́, kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ò ní lọ síwájú. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnu tó ti jáde. Kọ́ńtíráàtì Mùráínà sì ń parí lọ, Ganiat ìyàwó rẹ̀ ń wojú rẹ̀ nílé, ní Ìkìrun. Ló bá bọ́ bándì, ó fi í sọ́wọ́ Tòhíbù, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tútù tí wọ́n ń kó ẹja sí ní Sharjah. Lójú tirẹ̀, ọgbọ́n ló dá.

Ìtura tó kọ́kọ́ bá a lẹ́yìn tí ó pa fóònù kò pẹ́ rárá. Bí kì í bá ṣe ọkàn òun, ọkàn Tòhíbù ni. Òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ náà wá síbí. Ó bẹ ẹnì kejì rẹ̀ kó bá òun dúró ti géètì, ó sì forí lé yàrá tí òun àti Tòhíbù jọ ń gbé.

Ẹni tó bá ti gbé Al Muteena rí mọ̀ pé yàrá ibẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹnì kan á máa sùn, ẹnì kan á máa dín nǹkan, ẹnì kan á máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti jìnnà síbẹ̀ ló tó ń ṣàárò ariwo náà. Ọjọ́ ìsinmi Tòhíbù ni. Òun àti Bàbá Ọlábámijí, tó dàgbà jù nínú yàrá, tó ń di kàgò fáwọn oníṣòwò Èkó, ni wọ́n jọ jókòó ti abọ́ gààrí.

"Tòhíbù, dìde, jẹ́ kí n wò ẹ́. Ṣé àyà ń dùn ẹ́?"

"Àyà kẹ̀? Bọ̀dá, ebi ló ń pa mí."

Mùráínà ròyìn ohun tí Gbémi sọ. Ṣíbí Tòhíbù dúró lágbedeméjì.

"Lóru ni wọ́n wí?"

"Lóru."

"Mi kì í wọ bándì yẹn sùn o. Ó máa ń yún mi lọ́wọ́. Bàbá ni mo máa ń fún."

Àwọn méjèèjì kọjú sí Bàbá Ọlábámijí. Bàbá fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bo bándì.

"Ẹ má wò mí bí ẹni ń wo olè. Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe ń sùn sí ni. Àti pé èmi nìkan kọ́. Tí Gbémi bá ti ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, ṣebí ìwọ Mùráínà lo máa ń gbà á padà, tí wàá fi sùn?"

Òótọ́ ni. Mùráínà ti gbàgbé ìyẹn.

"Ìyẹn ni pé àwa mẹ́ta làwọn òyìnbó kó pọ̀ di ẹyọ kan," ni Bàbá wí. "Ara ẹlẹ́ja, oorun oníkàgò, orúkọ sìkiọ́rítì. Kò ní ṣàì rú wọn lójú!"

Tòhíbù bú sẹ́rìn-ín, ló bá ṣíwọ́, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó rántí bí bàbá òun ṣe kú lójijì nídìí oúnjẹ. Mùráínà rántí òòyì tó kọ́ ọ ní ìdí géètì, tó pè ní ebi. Bí èèyàn bá ń wá àìsàn lára, ibi gbogbo níí máa dunni.

"Bọ̀dá, ẹ ò ṣe kàn lọ?" ni Tòhíbù wí. "Ẹ̀yin ni wọ́n pè. Wọn á wò yín, wọn á ní kò sí nǹkan, khalas, ó parí."

"Tí kò bá wá sí nǹkan lára mi ńkọ́? Lára ta ló máa wà?"

Tòhíbù gbé abọ́ gààrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tí mo bá sì jẹ́wọ́, wọn á mọ̀ pé mo tàn wọ́n jẹ. Kò ní pẹ́ dé etí súpáfáísọ̀."

Bàbá Ọlábámijí ṣan ọwọ́. "Ẹ kó o sí mi lọ́rùn. Ẹ ní èmi ni mo jí i lọ́wọ́ Mùráínà, èmi ni mo ń wọ̀ ọ́, èmi ni mo ni ọkàn náà. Èmi tí mò ń palẹ̀ mọ́ àtirelé, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Àgbà ló ń gba ẹ̀bi."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Bí ọmọ bá fọ́ àwo àlejò, àgbà á ní òun lòun fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ á sì tán. Mùráínà rí bí ojú Tòhíbù ṣe rọ̀. Tirẹ̀ náà fẹ́ rọ̀. Ó wo bàbá arúgbó náà, ó wo Tòhíbù, kò mọ ẹni tí àìsàn náà wà lára rẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀bi lẹ lè bá wa gbà. Ẹ ò lè bá wa gba ọkàn."

Ó tẹ Gbémi láago.

"Gbémi, ara tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, kì í ṣe ara ẹnì kan. Àwa mẹ́ta ni."

"Mẹ́ta? Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Wọ́n ní tí bándì bá sọ pé oòrùn ti ń mú mi, wọn ò ní tún kọ́ńtíráàtì mi ṣe."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwa kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni fún iléeṣẹ́ kankan!"

"Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́. Gbogbo wa la kàn ń sọ ọ́."

Gbémi mí kanlẹ̀. "Gbogbo ohun tá a ti kó jọ lórúkọ yín, dídànù ni. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fáwọn ọ̀gá mi. Ẹ máa bọ̀ wá rí dókítà, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sáré o."

"Kọ́ńtíráàtì mi ńkọ́?"

"Mi ò lè dúró fún iléeṣẹ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa bọ̀ ná."

Wọ́n jáde sínú oòrùn, wọ́n kọjú sí ibùdó mẹ́tírò. Mùráínà ló sábà máa ń ṣíwájú wọn, Tòhíbù kò sì rọra rìn rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Tòhíbù ń rọra gbé ẹsẹ̀ nítorí Bàbá, Bàbá ń rọra gbé tirẹ̀ nítorí Mùráínà, Mùráínà sì ń wo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ igi déètì kan, wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó ní ó rẹ òun, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí tí wọ́n fi dúró.