Gbólóhùn Tí Mo Gbé Lọ sí Kóòtù

Akọ̀wé kóòtù ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Mo ti san owó ìwé, mo ti fọwọ́ síbi tó ní kí n fọwọ́ sí, ó wá gbójú sókè, ó ní kí n mú ẹlẹ́rìí dání lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Ó ní ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké, lọ́yà kì í ṣe dandan, èmi fúnra mi lè rojọ́ mi. Ṣùgbọ́n owó tí a kà sí ènìyàn lọ́wọ́, tí kò ní ìwé, tí kò gba báǹkì kọjá, ó ní irú rẹ̀ fẹ́ ẹni tó fojú rí i. Mo ní mo ti gbọ́. Mo jáde, mo dúró lẹ́bàá gẹ́ètì bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Àwa mẹ́ta la wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ tí mo yá Dáhùnsí lówó: èmi, òun, àti Látífàt ìyàwó mi. Látífàt sì ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Dáhùnsí jẹ́. Ẹnjiníà ni, iléeṣẹ́ kan ló gbé e wá sí Onitsha. Lọ́jọ́ kan ó ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Odoakpu, níbi tí mo ti ń ta ẹ̀yà màṣíìnì ìránṣọ, ó gbọ́ tí mò ń fi Yorùbá bá ẹnì kan jà lórí fóònù, ló bá yà wọlé wá kí mi. Ọjọ́ náà ló di ọmọ ilé wa. Hàmdálàt, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, ilé sì ti dákẹ́ jù fún ìyá rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Látífàt a se ọbẹ̀ ewúro, onugbu tí àwọn ará ibí kọ́ ọ, a máa yọjú lójú fèrèsé títí Dáhùnsí yóò fi dé.

Ní ọdún tí náírà wọ́n bí ojú, tí àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó, ìgbà náà ni ìyàwó Dáhùnsí ń rọbí. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, ilé ìwòsàn sì ní káàṣì làwọn yóò gbà, nẹ́tíwọ̀kì báǹkì ti dákú. Èmi ni mo ní káàṣì, torí n kò fọkàn tán báǹkì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Látífàt wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ọmọ ẹni la fẹ́ máa bá tọwọ́ bọ̀wé?" Ó ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà sí i lọ́wọ́.

Ìyàwó bí, ọmọ yè, a dúpẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni iléeṣẹ́ wọn kò sanwó oṣù mọ́. Dáhùnsí bẹ̀rẹ̀ sí í pa Àìkú jẹ, ó yí nọ́ńbà fóònù padà, nígbà tí mo débi ilé tó ń gbé, wọ́n ní ó ti kó lọ. Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín dá Látífàt dùbúlẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á ní, "Ṣé Dáhùnsí ni?" Màá ní rárá, atẹ́gùn ni. Ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ títí tí ẹnu rẹ̀ kò fi lè gbé ọ̀rọ̀ mọ́. A sin ín, a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, Dáhùnsí kò yọjú.

Nítorí náà, nígbà tí Muadh tí a jọ ń kírun ní òun rí i ní Umunya, ìlú kan nítòsí Onitsha, ní ọgbà tuntun tí iléeṣẹ́ wọn kó lọ, mo gba kóòtù lọ. Àwọn àgbà mọ́sálásí pè mí. Wọ́n ní, "Bàbá Hàmdálàt, a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́." Mo bi wọ́n pé ọ̀rẹ́ wo. Owó dùn mí, n kò ní í purọ́, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń lé mi kiri. Mo fẹ́ rí ojú ọmọ náà, kí n sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún un níwájú gbogbo ayé: "Dáhùnsí, títí ẹnu fi kọ̀ fún un ló ń béèrè rẹ, o ò sì wá."

Ìdáhùn sí ìyókù ohun tí adájọ́ yóò bi mí ni mo ní láti kọ́. Mama Ebuka, alábàágbé wa, gbà láti ṣe adájọ́ fún mi. Nírọ̀lẹ́, ó jókòó sórí àpótí ní kọ́rídọ̀, ó so ìró mọ́ àyà, ó fajú ro.

"Oya, Papa Hamda. Who be your witness?"

"My wife."

"Where she dey?"

"She dey house."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó ní, "Ndo," ìyẹn pẹ̀lẹ́ lédè wọn. Mo ní kò burú. Ẹnu mi ló dá a sọ. Láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, ohun tí mo máa ń dá ẹnikẹ́ni tó bá béèrè rẹ̀ lọ́jà lóhùn nìyẹn. A tún un ṣe, ọ̀rọ̀ náà, pé ó ti kú, kò jáde. Mo ní ká fi í sílẹ̀, pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn.

Inú ilé ni mo ti ń fi gbólóhùn tèmi dánra wò. Ìyẹn kò fún mi ní wàhálà kankan. Mò ń sọ ọ́ bí mo bá ń ṣàlùwàlá, mò ń sọ ọ́ bí mo bá ń dáná. Kò sí ìkòkò kékeré nílé wa. Ọbẹ̀ tí mo bá sè á pọ̀ jù, màá jẹ ẹ́ títí yóò fi kan. Mo sọ ọ́ títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń dún nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn, ló bá di pé mò ń tan rédíò sí i.

Ọjọ́ pé. Adájọ́ obìnrin ni, kò lè ju Hàmdálàt lọ. Dáhùnsí ti rù, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó hàn pé ẹnì kan ti kọ́ ọ lọ́rọ̀, torí ohun tó sọ kò ju pé kí n mú ìwé tó fọwọ́ sí jáde. Adájọ́ yíjú sí mi, ó béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ mi. Mo ní ìyàwó mi ni. Ó ní níbo ló wà.

Mo ní, "She don die, ma."

"Mama?" Dáhùnsí ló sọ̀rọ̀, ó sì ti dìde. "Bàbá, Mama kú? Nígbà wo?"

Adájọ́ ní kí ó bá kóòtù sọ̀rọ̀, kí ó má bá mi sọ̀rọ̀. Kò jókòó. Ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òótọ́ ni, òun gba owó náà, Mama ló kà á sí òun lọ́wọ́, ó sì ní kí òun jẹun kí òun tó máa lọ. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Báyìí ni mo ṣe jàre.

Níta, ó dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀ eléruku, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. N ò gbọ́ rárá. Ojú gbèsè ni mò ń sá." Mo ní kí ó dìde. Ó dìde, kò gbọn eruku ara rẹ̀.

"Bàbá, ṣé Mama béèrè mi?"

Àsìkò tí mò ń retí dé. Gbólóhùn mi wà lẹ́nu, kò yẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan. Mo wo ojú ọmọ náà, ojú sì lọ̀rọ̀ wà. Mo rí i pé bí mo bá sọ ọ́, yóò gbé e títí yóò fi kú, kò sì ní í rí ẹni tí yóò san án fún.

Mo ní, "Rárá. Àìsàn náà kò pẹ́. Kò béèrè ẹnikẹ́ni."

Ó mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́, ó kí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ wá ọkọ̀ Umunya. Èmi náà wọ kẹ̀kẹ́ Odoakpu. Inú kẹ̀kẹ́ náà ló ti yé mi pé èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀ pé Látífàt ń béèrè rẹ̀.