Ìtumọ̀ Aláìtọ́jọ́

Láti àárọ̀ ni ara Àǹtí Páálí kò ti balẹ̀. Yóò jókòó, yóò dìde, yóò lọ sójú fèrèsé, yóò tún padà wá wo ìwé orí tábìlì bí ẹni tó ń wo ejò. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń bá wọn ṣe ìwé atúmọ̀ èdè. Òun ló ń tọ́jú páálí pélébé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn tí èèyàn fi lò ó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní ìnagijẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lé e kúrò lórí àga rí, àfi "aláìtọ́jọ́" yìí.

Ọ̀gá wọn ló kọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá Kọ́mà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí ó lè fi odidi ọ̀sán jà nítorí kọ́mà kan ṣoṣo. Ó kọ ọ́ pé: "Ohun tí kì í pẹ́ láyé, tí kò sì já mọ́ nǹkan kan." Aago méjìlá ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù.

Àǹtí gbé ìwé náà, ó di iwájú ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi yọ 'kò já mọ́ nǹkan kan' yẹn kúrò."

Bàbá Kọ́mà kò gbójú sókè. "Àǹtí, ṣé o ti gbàgbé òfin wa ni? A kì í fẹnu lásán yí ìtumọ̀ padà. Gbólóhùn tí èèyàn sọ dà? Ta ló sì sọ ọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Àǹtí sáré padà sídìí àpótí páálí. Gbólóhùn nípa ìrì òwúrọ̀ ló kún ibẹ̀, nípa òdòdó tó rọ, nípa kòkòrò tó kú sídìí iná. Kò sí ẹyọ kan tó lè gbà á sílẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i sí ìrì pàápàá. Ó fa páálí òfìfo kan yọ, ó kọ ọ́ ní ìdúró, ó sì gbé e fún ọ̀gá.

Ọ̀gá kà á sókè: "Aláìtọ́jọ́ ni àkọ́bí mi, ọjọ́ mẹ́fà péré ló lò, àmọ́ òun ló sọ mí di ìyá."

Ó tún un kà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni, sà. Òní ni mo sọ ọ́."

Bàbá Kọ́mà mú bírò pupa, ó fa ìlà gbọọrọ la ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ kọjá. Kò bá kọ́mà kankan jà.

"Kí lorúkọ ọmọ náà?"

Láti ogún ọdún, ẹnikẹ́ni kò bi í rí. Ọ̀fọ̀ dé kó tó di pé wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo ẹbí sì ní kó gbàgbé.

"Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ, sà," ni Àǹtí wí, omijé sì bọ́. "Àmọ́ mo ní èyí tí mo fi ń pè é."

Ó sì pè é, kí ẹlòmíràn lè gbọ́.