Fèrèsé Tó Bọ́ Sápá Òsì

1.

…nítorí náà fèrèsé kò lè wà lápá òsì. Kò sí lápá òsì rí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Doreen Sugden ti ń nu dígí fèrèsé yẹn. Tó bá ti kọjú sí ààrò, ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń yà sí.

Ẹ wo àwòrán kìíní. Ẹ wo ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin.

Òsì.

Ẹ wá wo ìkarùn-ún títí dé ìkejìlá.

Ọ̀tún.

Ilé ìdáná kan náà ni o. Èmi tí mo ń kó ìwé wọ̀nyí jọ náà ti dúró síbẹ̀ wò ó.


2.

ÀKỌLÉ ÀTIJỌ́
(ara ògiri ilé ìdáná, Ilé Wadlow, abúlé Scarbeck, Yorkshire)

Josiah Wadlow, òǹkọ̀wé, gbé ilé yìí láti ọdún 1841 títí ó fi kú. GILBERT, ọmọkùnrin rẹ̀, ló ya àwòrán méjìlá tí wọ́n fín sára igi fún ìwé ìtàn bàbá rẹ̀ tó lókìkí jù lọ. Keziah, ọmọbìnrin rẹ̀, ló ń tọ́jú ilé.


3.

Ló ń tọ́jú ilé.

Doreen náà ló ń tọ́jú ilé. Gbólóhùn yẹn ti ń bí i nínú láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ kà á, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ohun tó máa fi já a nírọ́.


4.

ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn àwọn òṣìṣẹ́)

A ó yọ gbogbo àkọlé àtijọ́ kúrò. A ó gé tuntun sára irin. Yóò wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ sí i yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé e kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó sọ ọ́ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

M. Entwistle, Alága

(nísàlẹ̀, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́:)
Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. D. S.


5.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÍGBÀ NÁÀ
(Doreen kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rísíìtì. Ẹnu Tamsin Boyle ló ti gbọ́ ọ, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa bójú tó àwọn ohun àtijọ́ ilé náà.)

— Wọ́n á gé igi líle, wọ́n á fá ojú rẹ̀ títí tí á fi máa dán.
— Ayàwòrán á fi pẹ́ńsù ya àwòrán sójú igi.
— Afínnà á gba igi náà, á fín in. Bó ṣe ń fín in, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ayàwòrán yà ń pa rẹ́. Ọwọ́ ẹni tó yà á kò sí mọ́.
— Wọ́n á fi yíǹkì pa á, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.
— Ohun tó wà lọ́tùn-ún lára igi á bọ́ sósì lórí ìwé.
— Nítorí náà, ẹni tó bá mọṣẹ́ á ti kọ́kọ́ ya gbogbo rẹ̀ lódìkejì.

Ó fa ìlà sábẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.


6.

Ọjọ́ Ajé. Ilé ìdáná Wadlow. Àwọn àlejò ò tíì wọlé.

TAMSIN: Àǹtí Doreen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mọ́ọ̀pù yẹn sílẹ̀ ká sọ̀rọ̀.

DOREEN: Mò ń gbọ́ ẹ. Ọdún mélòó ni Gilbert fi kọ́ṣẹ́ igi yìí ní London?

TAMSIN: Méje. Ó ti gbòmìnira kí wọ́n tó tẹ ìwé yẹn.

DOREEN: Ọdún méje. Ó wá gbàgbé pé igi máa ń yí nǹkan padà? Lẹ́ẹ̀mẹrin?

TAMSIN: Ó lè jẹ́ pé kò kà á sí.

DOREEN: Ìwọ tó o sọ ọ́ yẹn, ṣé o gbà á gbọ́?

TAMSIN: Rárá.

DOREEN: Ta ló wà nínú ilé yìí nígbà yẹn tó lè yàwòrán, ṣùgbọ́n tí kò mọ iṣẹ́ igi?

TAMSIN: Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Ìyá ti kú.

DOREEN: Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ku ta ni?

TAMSIN: Àǹtí, mo mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ọ̀gbẹ́ni Entwistle ò ní gba fèrèsé lẹ́lẹ́rìí.

DOREEN: Èmi gbà á.

Ó ń fi mọ́ọ̀pù rẹ̀ nulẹ̀ lọ.


7.

Mo ti fa ojú ìwé yìí ya. Ohun tí mo rò nípa Entwistle ni mo kọ síbẹ̀, kò sì ran ìtàn lọ́wọ́.


8.

ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ ÌGBÌMỌ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Alága sọ pé ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé Gilbert ló ya àwòrán náà. Ó ní Ìyá Rosalind Wadlow-Pryce, ẹni tó kù nínú ìdílé náà, ló ni àwọn igi méjèèjìlá tí wọ́n fín. Ó yá wa lò ni. Ó ti kọ̀wé pé tí a bá fọwọ́ kan orúkọ Gilbert, òun á kó igi òun.

Arábìnrin Boyle ní kí a fi orúkọ Keziah sí i. A dìbò. Márùn-ún fún Gilbert. Ọ̀kan fún Keziah.

Tíì dé ní agogo mẹ́ta.


9.

Tíì kì í dá rìn wọlé. Doreen ló gbé e wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo bisikíìtì lọ́wọ́ títí wọ́n fi dìbò tán, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun.


10.

OHUN TÍ DOREEN MỌ̀ NÍPA ÀWÒRÁN MÉJÈÈJÌLÁ, TÍ ẸNIKẸ́NI Ò BÉÈRÈ

Aṣọ ìnuwọ́ tó wà lára irin iwájú ààrò: wọ́n ká a sọ́nà mẹ́ta. Nínú méjèèjìlá.

Àwo eérú abẹ́ ààrò: ó yọ síta díẹ̀, bí ìbú ìka kan. Nínú méjèèjìlá. Tí èèyàn bá tì í wọlé tán, ó máa há ni. Ó ṣì ń há títí di òní.

Gilbert ò wálé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Kì í ṣe òun ló ń kó eérú.

Nítorí náà ọwọ́ kan ló ya méjèèjìlá. Lẹ́yìn ìkẹrin, ẹnìkan kọ́ ọ bí igi ṣe ń yí nǹkan padà.

Ta ni?


11.

Ọjọ́ Rú, Doreen gbàyè. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ rélùwéè, ó dé Harrogate lọ́dọ̀ Ìyá Rosalind. Kò ránṣẹ́ síwájú, torí ó mọ̀ pé wọ́n á ní kóun má wá.

Ìyá náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ọ̀pá ló fi rìn wá ṣílẹ̀kùn. Ó rò pé Doreen wá polówó ọjà ni, ó sì ti ń ti ilẹ̀kùn padà nígbà tí Doreen na àwòrán méjì sí i, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Ó ní kó sáà wo ibi tí fèrèsé wà. Ìyá Rosalind wò ó. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kó wọlé.

Kò bá a jiyàn rárá. Èyí ló ya Doreen lẹ́nu jù. Ó po tíì fún un, ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú lẹ́tà kan jáde. Ó ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò gbọdọ̀ dà á kọ, kò gbọdọ̀ ya fọ́tò rẹ̀.

Doreen kà á. Ó kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ há a sórí, torí ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn.


12.

LẸ́TÀ NÁÀ
(bí Doreen ṣe rántí rẹ̀. Inú rélùwéè ló ti kọ ọ́, sẹ́yìn àpòòwé. Ibi tó gbàgbé, mo fi sílẹ̀ lófìfo.)

Keziah,

Àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Fèrèsé rẹ ti bọ́ sápá òsì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ti fín in, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ya á sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ná. Dojú ìwé náà dé orí igi, kí o wá máa tọ ìlà rẹ̀ láti ẹ̀yìn.



                    (nípa ojú bàbá wọn ni. Tàbí nípa òjò.)



Onítẹ̀wé ò gbọdọ̀ mọ̀. Ó ní òun ò gba iṣẹ́ obìnrin. Orúkọ mi ni màá fi sí i fún ìgbà díẹ̀. Tí ìwé bá ti tà, màá sọ fún gbogbo èèyàn pé ìwọ ni. Mo ṣèlérí.

Gilbert


13.

Ìwé náà tà.


14.

Harrogate, ọjọ́ Rú kan náà. Tíì ti tutù.

ROSALIND: Bàbá mi ló fún mi. Ó ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni títí màá fi kú.

DOREEN: Kí ló dé tí ẹ fi hàn mí, Mà?

ROSALIND: Ìwọ nìkan lo wò ó. Àwọn tó kù, fọ́tò ni wọ́n máa ń bá mi yà.

DOREEN: Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ.

ROSALIND: Rárá. Gilbert ni gbogbo ohun tá a ní. Òun ni wọ́n fi sọ ilé ẹ̀kọ́ lórúkọ. Òun ni ère rẹ̀ wà ní gbàgede. Tó bá wá di òpùrọ́, kí ló kù fún wa?

DOREEN: Kò parọ́, Mà. Ó ṣèlérí. Kò kàn mú un ṣẹ ni.

ROSALIND: Èwo ló sàn nínú méjèèjì?

DOREEN: Ìlérí ṣì ṣeé mú ṣẹ.

ROSALIND: Máa lọ sílé.

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn pa dé. Doreen dúró lórí àtẹ̀gùn, omi lé ró lójú rẹ̀, inú ń bí i. Ó bínú sí Gilbert, ó bínú sí ìyá náà, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé kò há lẹ́tà náà sórí tán.


15.

ÀWỌN ÀTẸ̀JÍṢẸ́, Ọjọ́bọ̀

Doreen → Entwistle: Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti ka lẹ́tà Gilbert. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Keziah ni.

Entwistle → Doreen: Lẹ́tà ọ̀hún dà?

Doreen → Entwistle: Ó wà lọ́dọ̀ Ìyá Rosalind. Mo kọ ohun tí mo rántí.

Entwistle → Doreen: Ẹ ka lẹ́tà, ẹ ò mú un wá. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Arábìnrin Sugden, a mọyì iṣẹ́ yín, ilé ń dán. Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀.

Tamsin → Doreen: Àǹtí, mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ ò tó wọn.

Doreen → Tamsin: Níbo ni ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gé irin yẹn wà?

(Tamsin ti kà á. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kọjá.)

Tamsin → Doreen: Ẹ̀yìn ilé epo, lójú ọ̀nà Otley. Kellett ló ń jẹ́. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.


16.

ÌWÉ TÍ DOREEN KỌ SÍLẸ̀ FÚN KELLETT

KEZIAH WADLOW ló ya àwòrán méjèèjìlá.
Gilbert, àbúrò rẹ̀, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya á sórí igi.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó ronú bóyá kó bú Gilbert, ó sì pinnu pé kò yẹ. Ọmọ náà kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣẹ́, ìyẹn ò kéré.


17.

Ọjọ́ Ẹtì. Agogo mọ́kànlá àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ti wà lójú kọ̀ǹpútà Kellett, GILBERT gàdàgbà. Irin ti wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀. Doreen gbé ìwé tirẹ̀ sórí tábìlì. Kellett ka èkíní, ó ka èkejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

KELLETT: Ṣé ara ìgbìmọ̀ ni yín?

DOREEN: Rárá.

KELLETT: Ará ìdílé yẹn ńkọ́?

DOREEN: Rárá.

KELLETT: Ta wá ni yín?

DOREEN: Èmi ni mo ń nu ilé náà.

Kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè gé orúkọ sára irin lórí ọ̀rọ̀ ẹni tóun ò mọ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó tún ní òun ò fẹ́ gé ohun tí ìjà wà nínú rẹ̀, torí tí wọ́n bá ti gé irin, kò sí ìparẹ́ fún un. Ó bi í pé ta ló ni orúkọ náà, ẹni tóun lè pè.

Doreen fún un ní nọ́ńbà Ìyá Rosalind ní Harrogate. Ó ti ń retí kó béèrè rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé.

Kellett gbé fóònù sórí tábìlì kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ó dún. Ó tún dún.

ROSALIND: Ta nìyẹn?

KELLETT: Ẹ káàárọ̀, Mà. Èmi ni mo ń gé àkọlé fún Ilé Wadlow. Orúkọ méjì ni wọ́n gbé wá fún mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ta ló ya àwòrán yẹn?




KELLETT: Mà?




ROSALIND: Ṣé ẹni tó ń nu ilé wà níbẹ̀?

KELLETT: Ó wà níbí.

Doreen ti sọ gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láti sọ. Wọ́n ń gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí, wọ́n gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gbọ́ tó fa àga.

ROSALIND: Agogo mélòó ló lù?

KELLETT: Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kó lu méjìlá, Mà.

ROSALIND: Gilbert wà lórí ẹ̀rọ yín báyìí, àbí?

KELLETT: Ó wà níbẹ̀.

ROSALIND: Ẹ mú bírò. Mo fẹ́ pe orúkọ kan fún yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.