Orin Tó Há Sínú Kọ̀ǹpútà Morádéyọ̀

Ní ìjọ Aládùúrà kékeré kan ní Oníyanrìn, ní Ìbàdàn, orin ìkórè kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń kọ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà kò tíì hu eyín. Bàbá Ezekiel, olórí akọrin, ló ni orin ọ̀hún. Orin náà kò burú. Ọbẹ̀ tó dùn náà kò burú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa lá ọbẹ̀ kan ṣoṣo títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀? Lọ́dún 1997, àwọn àgbà ìjọ fi ọgbọ́n sọ fún un pé kó sinmi díẹ̀, kí wọ́n fún Arábìnrin Morádéyọ̀ láyè kó gbé orin tuntun jáde. Bàbá Ezekiel gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí orin tuntun náà kò bá délẹ̀ títí di ìpàdé akọrin Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìkórè, orin tòun ni wọn yóò kọ.

Atẹ̀wé ni Morádéyọ̀ ní ọ́fíìsì kan ní òkè Mápó. Ó ti tẹ̀wé títí débi pé orí rẹ̀ kì í pa orin mọ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá a pa á mọ́. Bí orin bá sọ sí i lọ́kàn, àfi kó sáré tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó tó gbọn omi ọwọ́ nù, orin ti lọ. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tí Ọláyínká, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fi kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan ránṣẹ́ sí i. Ó wúwo bí ọlọ ata, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ ni Morádéyọ̀ tẹ orin ìkórè sí, ẹsẹ mẹ́fà pẹ̀lú ègbè. Ọjọ́ tó parí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sunkún ayọ̀. Kò kọ ọ́ sórí bébà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, nítorí ó fẹ́ kó bá gbogbo ìjọ lójijì.

Àṣìṣe kan wáyé, bí a bá lè pe ìfẹ́ ní àṣìṣe. Nínú ìjọ yẹn, ohun tuntun kì í wọlé kó má gba àdúrà, ìbáà jẹ́ ọmọ tuntun, ìbáà jẹ́ máṣíìnì ìránṣọ. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà dé ni Morádéyọ̀ ti gbé e lọ bá Ìyá Ìjọ, arúgbó tí gbogbo wọn fẹ́ràn, kó bá òun yà á sí mímọ́. Ìyá Ìjọ yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó sì béèrè ibi tó ti ń jí. Morádéyọ̀ fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án hàn án. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá da òróró ìyàsímímọ́ sí, kì í sì í ṣe díẹ̀, nítorí ó ní ibi tí nǹkan bá ti ń jí ni ọ̀tá ti ń kọ́kọ́ wá a.

Kọ̀ǹpútà ń jí dáadáa títí ọyẹ́ fi dé, tí eruku bo gbogbo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìkórè, Morádéyọ̀ tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà kò dáhùn. Ó tún un tẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó fi orúkọ Ọláyínká bẹ̀ ẹ́. Pàbó ló já sí. Ó wá jókòó pé kóun rántí orin náà, ẹsẹ kan kò wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀rù bà á gidigidi, kì í sì í ṣe nítorí ìtìjú nìkan. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ orin nínú ara rẹ̀, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò ní kó mú un jáde.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n. Olúwakẹ́mi tí wọ́n jọ ń kọrin ní kó sá a sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́. Ẹlòmíràn ní kí ẹgbẹ́ akọrin gbààwẹ̀ fún un. Wọ́n sá a, wọ́n gbààwẹ̀, kọ̀ǹpútà kò wí nǹkan kan. Bàbá Ezekiel kò bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní àwọn ti ń gbọ́ tó ń fi orin àtijọ́ náà la ọ̀nà ọ̀fun láràárọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Morádéyọ̀ fi aṣọ wé kọ̀ǹpútà, ó sọ̀kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Ọjà'ba, níbi tí Sàídì ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe láàárín àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń ta agbọ̀n. Ẹnu Sàídì kì í sinmi, ṣùgbọ́n kì í parọ́. Ó sọ fún un pé irú kọ̀ǹpútà yìí méjì péré lòun tíì tú rí: ọ̀kan sọ̀rọ̀, èkejì ṣì wà lábẹ́ tábìlì òun títí di òní. Morádéyọ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó rí i níbẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

Sàídì fi mítà wo wáyà tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀. Iná wà níbẹ̀. Ó yọ bátìrì rẹ̀, ó ní bátìrì àlòkù a máa dà bí àlejò tó ń jẹun tí kì í bá wọn roko, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ pẹ́, ó fi sílẹ̀, ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, èyí tí Àtọ́kẹ́ ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé òun kò rí rí. Bọ́tìnnì náà kò dún rárá nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó tú ìdérí kúrò, ó fi ìka kan ibẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Òróró àti eruku ọyẹ́ ti pò mọ́ra wọn lábẹ́ bọ́tìnnì, wọ́n ti di oje.

“Ìyá wa, ta ló da òróró olífì síbí?”

Morádéyọ̀ ṣàlàyé, ojú sì tì í díẹ̀. Sàídì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìyá arúgbó náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ìyá tòun náà, Sìdí, fi omi tí wọ́n fi fọ wàláà kéwú wọ́n rédíò tí òun kọ́kọ́ rà láyé òun, rédíò ọ̀hún kò sì fọhùn mọ́.

“Àdúrà ò burú, Ìyá wa,” ó ní. “Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lé.”

Ó fi òwú àti sípíríìtì nu oje náà kúrò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún bọ́tìnnì tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó dún. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn, ohun kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wùùù nínú rẹ̀. Morádéyọ̀ fò sókè. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò, dúdú náà ló sì wà. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó, kò yí padà. Morádéyọ̀ jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún lójú ọjà.

Sàídì kò bá a sọkún. Ó gbé etí lé kọ̀ǹpútà, ó gbọ́ ohun tó ń yí, ó wá yá tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́. Lọ́sàn-án gangan, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó ní kí Morádéyọ̀ wá wò ó dáadáa. Lẹ́tà wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí irun, wọ́n ń yọ níbi tí iná tọ́ọ̀ṣì bá kàn.

“Iná tó ń tàn lẹ́yìn gíláàsì ló kú,” Sàídì wí. “Ọ̀rọ̀ yín ò kú. Ó wà nínú òkùnkùn ni.”

Ìka Morádéyọ̀ tó mọ ọ̀nà wá orin náà rí. Ó fa bébà àti báírò yọ nínú báàgì rẹ̀, ó ń ka orin lójú tọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè kọ orin sílẹ̀ kó má kọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó dé orí ègbè, ohùn rẹ̀ ti jáde gbangba:

Ẹ sọ̀ mí, ẹ sọ̀ mí o,
Ọpẹ́ tí mo rù wúwo lọ́rùn mi.
Ẹnu mi nìkan ò lè dá a gbé,
Ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Àtọ́kẹ́ wá gba tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Alábàárù kan tó gbé àpò gàrí lérí dúró láti wo obìnrin tó ń fi tọ́ọ̀ṣì kọrin sí ẹ̀rọ dúdú ní ojúmọmọ. Nígbà tó gbọ́ “ẹ sọ̀ mí”, ó ní ọ̀rọ̀ òun gan-an nìyẹn, ó sì gbè é. Àwọn alágbọ̀n gbè é. Sàídì tó di tọ́ọ̀ṣì mú gbè é, ó ní òun jẹ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ta ni Ọlọ́run kò tíì ṣe lóore? Nígbà tí Morádéyọ̀ fi parí ẹsẹ kẹfà, ègbè náà ti gun orí alábàárù náà kúrò ní Ọjà'ba, ó ti mú ọ̀nà Bẹẹrẹ pọ̀n. Ayọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé kò rò ó rárá pé orin tí òun ń fi pamọ́ fún ìjọ ti di ti ìgboro.

Ó pẹ́ kó tó dé ìpàdé. Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè bóyá òróró òun jẹ́.

“Ó jẹ́, Mà,” Morádéyọ̀ dáhùn. “Kò sí ibi tí kò dé.”

Nínú ilé, Bàbá Ezekiel ti dìde dúró níwájú akọrin. Morádéyọ̀ di bébà rẹ̀ mú gírígírí, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó rò pé wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin àtijọ́. Ṣùgbọ́n bàbá náà ń ṣe bí ẹni tí nǹkan ń rìn nínú ẹ̀wù rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, òun náà ti gbé orin tòun tì. Ó ní alábàárù kan kọ orin kan kọjá lára òun ní Bẹẹrẹ nírọ̀lẹ́ yẹn. Òun dé Òjé, àwọn aláṣọ ń kọ ọ́. Láti ìgbà náà, kò kúrò lẹ́nu òun. Ó la ọ̀nà ọ̀fun, ó sì kọ ọ́ jáde, “Ẹ sọ̀ mí, ẹ sọ̀ mí o,” pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ti gbó, ó sì ń jó díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀.

“Ègbè ẹ̀ nìkan ni mo gbọ́,” ó ní. “Ta ló mọ ẹsẹ ẹ̀ nínú yín?”

“Èmi mọ̀ ọ́n, Bàbá,” Morádéyọ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà.

“Níbo lo ti gbọ́ ọ?”

“Èmi ni mo ni ín, sà. Ẹ̀yin lẹ bá mi rù ú wá láti ìgboro.”

Bàbá Ezekiel wo bébà ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ṣí fìlà orí rẹ̀.

“Ó wúwo o,” ó ní, “ṣùgbọ́n ó dùn-ún rù.”

Ó kúrò níbi tí olórí akọrin máa ń dúró sí, ó lọ dúró láàárín àwọn tó ń gbè, ó ní kí Morádéyọ̀ bọ́ síwájú kó wá dá orin. Morádéyọ̀ ṣí bébà rẹ̀, ó sì dá a.