Wákàtí Méjì sí Òṣogbo

Ìdí igi kan lẹ́yìn odi ìlú Ìyìn, lójú ọ̀nà Ìgẹ̀dẹ̀, ni Adéfúnkẹ́ jókòó sí látàárọ̀, lọ́dún 1937. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó kúrò ní Adó. Òun ló tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà àìsàn, òun náà ló sì pa ojú wọn dé. Wọ́n ti sin ìyá. Bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Bámgbóyè ọkọ rẹ̀ ló kù. Minna ni Bámgbóyè ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gé koríko ní pápá tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà sí. Adéfúnkẹ́ kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọ̀nà.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kó tó rí i tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, tó gbé bàtà kọ́ èjìká. Lọ́rì tó gbé e láti Iléṣà ti bàjẹ́ sí Àrámọkọ.

“Ẹ kú ìrìn, Bàbá Ẹ̀bùn.”

“Ìyá ń kọ́?”

“Ẹ jókòó ná. Ẹ mu omi.”

Ó mu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. “Àárọ̀ Sátidé ni wáyà tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé àìsàn ìyá le. Ọkọ̀ òfuurufú wà níwájú mi, Òṣogbo ló ń lọ. Kò ní ju wákàtí méjì lọ tí yóò fi dé ibẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kí n há sáàárín ẹrù. Ó ní kò sí irú rẹ̀. Mo dúró títí ó fi pòórá, kí n tó lọ wá rélùwéè.” Ó nu ojú. “Ká ní wọ́n gbé mi ni, ǹ bá ti dé Adó lálẹ́ Sátidé.”

Adéfúnkẹ́ wo ilẹ̀. Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni ìyá kú.

“Ìyá ti lọ,” ni ó wí. “A ti sin wọ́n.”

Bámgbóyè kò sunkún. “Ìgbà wo?”

“Ìdájí Sátidé. Wáyà ò tíì dé ọwọ́ yín nígbà náà.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Adéfúnkẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ rù, wọ́n sì mú ọ̀nà Adó pọ̀n.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Mosúnmọ́lá, àbúrò ìyá, dì mọ́ Bámgbóyè. “Ìwọ ni ìyá rẹ ń béèrè lálẹ́ Sátidé,” ni ó ń sunkún wí. “Wọ́n mu ẹ̀kọ díẹ̀, wọ́n ní ká má tilẹ̀kùn.”

Bámgbóyè yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Adéfúnkẹ́ kò lè gbójú sókè. Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí.

“Fúnkẹ́, ẹsẹ̀ ń ro mí. Bá mi gbé omi gbígbóná wá.”

Ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀, ó ń fọ ẹsẹ̀ tó ti wú náà fún un. Bámgbóyè gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Tí ilẹ̀ bá mọ́,” ni ó wí, “wàá mú mi lọ síbi tí wọ́n sin wọ́n sí.”