Àga Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Iṣẹ́ wa kò le. A máa ń jókòó ti ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Sítíárìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bíréèkì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu nìkan ló kù fún olùkọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ó máa ń yí ká, á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo Sátidé ni lọ́yà, oníbáńkì àti ọ̀gá ilé ìwé máa ń kánjú níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan.

Ẹgbẹ́ tó ni pápá eré ọkọ̀ náà kì í sanwó fún olùkọ́. Wọ́n ń fún wa ní fìlà, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin sí láàárín, àti àyè láti fi ọkọ̀ tiwa sáré nírọ̀lẹ́ nígbà tó bá ti rẹ àwọn ọlọ́lá. Torí ìyẹn la ṣe ń wọ ọkọ̀ àjèjì.

Èmi ti ṣíwọ́. Lọ́yà kan fẹsẹ̀ tẹ ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré níbi tó yẹ kó ti tẹ bíréèkì. Ògiri ló dá wa dúró. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ni mo ń yí. Ọrùn Igi ni wọ́n ń pè mí. Lọ́yà náà wá kí mi nílé ìwòsàn. Ó ní ọkọ̀ òun ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo bá a kẹ́dùn.

Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà pápá ni mo wà. Mo ń yẹ bẹ́líìtì àti akoto wò kí ọkọ̀ tó wọlé. Òfin ẹgbẹ́ ṣe kedere: ohun tí awakọ̀ bá fi de ara rẹ̀, irú rẹ̀ náà ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi de ara. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri lẹ́yìn àga Alága. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi rí i.

Ọkọ ọmọ mi ló gba ipò mi. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó ń sọ nínú ọkọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ó mọ iṣẹ́. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Bí wọ́n bá ní kó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á béèrè pé apá ọ̀tún ni àbí apá òsì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ mi sìn wá dé ìdí ọkọ̀. Oyún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí.

"Bàbá, ẹ máa bá mi wò ó o."

"Mò ń wò ó."

"Kì í ṣe kẹ́ ẹ máa wò ó níran. Ẹ mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tí kò lè wọ̀."

"Mo gbọ́."

Jẹ́jẹ́ ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, jẹ́jẹ́ ni mo máa ń ṣe."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe jẹ́jẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń wa ọkọ̀ ni?"

Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi.

Kò pẹ́ tí mo ṣí ẹnu ọ̀nà ni Dókítà Eyín, ọ̀kan lára àwọn tí Jẹ́jẹ́ ń kọ́, dé pẹ̀lú ọkọ̀ pupa tuntun. Ó ti ra àga mìíràn fún ara rẹ̀. Àga náà gbá a mú bí ìgbà tí ìyá pọn ọmọ. Bẹ́líìtì gba èjìká rẹ̀ méjèèjì kọjá, ó gba ìbàdí, ó gba àárín itan. Ọ̀pá irin kan, tí kì í jẹ́ kí òrùlé wó bí ọkọ̀ bá dojú dé, wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Ó ti fi fóòmù wé e.

Mo wá yí ara sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àga tó ń yọ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì kan tó gba àyà kọjá, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ó ti yọ ọ́ dànù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ọ̀pá irin dé apá ibẹ̀. Fóòmù ò dé ibẹ̀.

"Dókítà, ṣé fóòmù tán ni?"

"Rárá, Bàbá. Ó kù nílé."

"Olùkọ́ ńkọ́?"

"Olùkọ́ kì í wa ọkọ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún ọmọdé pé kó yanu.

Mo ní ọkọ̀ náà ò ní wọlé. Alága sáré dé. Dókítà ló bá ẹgbẹ́ ṣe òrùlé tí Alága ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i gàdàgbà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n ṣe é."

"Ọgbọ́n wà lára ògiri yín."

"Ìyípo díẹ̀ péré ni. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò ráhùn."

Òótọ́ ni. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti ń dé akoto.

"Kò burú, Bàbá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Màá ní kí wọ́n máa rọra."

"Ta ló ti rọra fún ọ rí?"

"Wọ́n máa ń gbìyànjú."

Mo wo ọrùn rẹ̀. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo wo ọ̀pá irin náà. Mo wá rántí òfin mìíràn tí a ti pa tì: kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wa ọkọ̀, olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà yí pápá ká, kí ọlọ́kọ̀ jókòó tì í, kó lè fojú rí ọ̀nà. A pa á tì torí pé ọlọ́kọ̀ kì í fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan sítíárìn òun.

"Alága, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìyípo àfihàn. Òun náà wà lára ògiri."

Inú Alága dùn pé ohun tí mo fẹ́ ò ju ìyẹn lọ. Dókítà lọ́ tìkọ̀ díẹ̀, ó wá bọ́ sílẹ̀. Ó wọ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fa bẹ́líìtì ọjà náà kọjá àyà. Jẹ́jẹ́ bọ́ sí àga awakọ̀, ó so gbogbo bẹ́líìtì. Mo bẹ̀rẹ̀ síbi fèrèsé rẹ̀.

"O ti jókòó tì í rí, àbí?"

"Lóṣù tó kọjá, nínú ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́."

"Wà á bó ṣe ń wà á. Má fi kún un. Má yọ níbẹ̀."

"Bàbá, ó máa ń pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì o."

"Ìwọ náà pẹ́."

Wọ́n lọ. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, mo rí akoto Dókítà tó gbá fèrèsé. Ní kọ́nà kejì, ó kọjá sí apá Jẹ́jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé orí lé e léjìká bí olólùfẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tó máa dì mú. Kò rí i. Ìgbà tí Jẹ́jẹ́ wá tẹ bíréèkì tó tún fi í sílẹ̀, orí Dókítà lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, akoto sì ró lára irin. A gbọ́ ọ lábẹ́ òrùlé.

"Kí nìyẹn?" Alága béèrè.

"Fóòmù tó kù nílé ni."

Nígbà tí wọ́n dé, Dókítà bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí koríko. Ó bọ́ akoto, ó ń wo ibi tó ti sán lẹ́yìn.

"Àga yẹn lè pa èèyàn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run. Mo fún Dókítà lómi. Ó mu ún, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó gba akoto mìíràn, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó wọ àga tó ń pọn ọ́n, ó so bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá nawọ́, ó fi lu àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Ó yá, olùkọ́. Ẹ wọlé. Mo máa rọra."

Èmi rò pé Dókítà ni ìyípo yẹn máa kọ́ lọ́gbọ́n. Ẹlòmíì ló kọ́. Jẹ́jẹ́ dúró, ó di akoto rẹ̀ mú. Ó pẹ́ tó ti ń jókòó sírú àga yẹn, kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ló ti àga awakọ̀ wò ó: èèyàn tó ń fò káàkiri bí ẹrù tí wọn ò so.

"Rárá, Dókítà."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Alága ò tiẹ̀ gbọ́. Ó ní kó tún un sọ.

"Mo ní rárá, Alága. Ẹ̀yin ẹ wọlé tì wọ́n."

Alága wo àga náà. Ó rántí pé òun ní ìpàdé.

Nígbà tí a tún ṣí pápá, lẹ́yìn tí ọmọ mi ti bímọ, Dókítà padà wá. Ó ní òun ti ronú gidi lórí ààbò olùkọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì kí gbogbo wa lè wò. Kò sí àga níbẹ̀ mọ́. Ó ti tú u kúrò. Ọkọ̀ sì tún fúyẹ́ sí i. Òfin ò rí nǹkan wí: olùkọ́ tí kò sí nínú ọkọ̀ kò nílò bẹ́líìtì. Alága pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún Dókítà ní ife-ẹ̀yẹ nítorí ààbò, wọ́n ya fọ́tò.

Ó dá lọ. Ní kọ́nà kejì, ó wọ inú iyanrìn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà títí dé ilẹ̀kùn. Nǹkan kan ò ṣe é. Àga rẹ̀ dára.

Jẹ́jẹ́ dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti lanu láti sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, ó rántí pé Dókítà ò lè gbọ́, ó bá fi búrẹ́dì sí i. Ó wo iyanrìn. Ó wo ojú títì bóyá ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé ọmọ bọ̀. Ọrùn rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, wọ́ọ́rọ́wọ́.