Àwọn Sójà Mọ́kànlá

"Ta ló tún mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?" Méjọ̀ Ọláníyan béèrè.

"Èmi nìkan ni, sà."

Mọ̀nsúrát dúró ṣánṣán níwájú tábìlì ọ̀gá rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni ní bárékè kan tí kò jìnnà sí Àtàn-Ọ̀tà. Òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ ẹ̀kọ́ tí sójà kọ̀ọ̀kan ti kọ́ sí. Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá pé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sójú ogun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń yẹ orúkọ ọgbọ̀n sójà tí wọ́n máa gbéra lọ́jọ́ Ajé wò, ó rí i pé mọ́kànlá nínú wọn kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tí ọta bá bà. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ní wọ́n ti yege. Mọ̀nsúrát fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkánjú ló mú kó da orúkọ wọn pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́ mìíràn lóṣù tó kọjá.

"Ìwé ìgbéga rẹ ti dé orí tábìlì mi," ni Méjọ̀ wí. "Bí mo bá fi ìròyìn àṣìṣe yìí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wa, ìgbéga náà lè di ẹ̀yìn ọdún kan."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n bí ọta bá ba ọ̀kan nínú wọn, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mọ ohun tó máa ṣe ńkọ́?"

Méjọ̀ ti ìwé ìgbéga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màá fi ránṣẹ́. Àwọn mọ́kànlá yẹn á dúró kọ́ ẹ̀kọ́ náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ ni kí o lọ sọ fún wọn."

Nígbà tó sọ fún wọn, inú wọn kò dùn. Èyí tó ń jẹ́ Amos ló pariwo jù.

"Sájẹ́ǹtì, mo ti dágbére fún ìyàwó mi ní Ìyànà Ìyẹsí! Ó ti sunkún tán!"

"Sọ fún un kó sinmi," Mọ̀nsúrát dá a lóhùn. "Á tún sun òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Amos náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, Mọ̀nsúrát kò jókòó sọ́fíìsì kí wọ́n wá kó èsì bá a mọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí abẹ́ àtíbàbà tí Nọ́ọ̀sì Susanna ti ń kọ́ wọn, ó sì ń wo ọwọ́ oníkálukú. Ìdádúró ìgbéga náà dùn ún, kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń sùn dáadáa lóru.

Nígbà tó kan Amos, apá Mọ̀nsúrát ló fi dánra wò, ó di báńdéèjì mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí.

"Kò le tó. Ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa dà."

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀," Amos bẹ̀bẹ̀. "Ebi ń pa mí."

Mọ̀nsúrát tú báńdéèjì náà fúnra rẹ̀, ó fi lé Amos lọ́wọ́, ó sì tún na apá sí i.